Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ló kan káńsù níbẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Woolwich ni èmi àti ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú ọmọ wa méjì. Láti oṣù kẹsàn-án ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti wà lọ́dọ̀ wa. Ọkùnrin ni, ọmọ ọdún 11. Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, pásípọ́ọ̀tì ibí ló sì ní, ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta ló ti dàgbà, ibẹ̀ ni ìyá àti bàbá rẹ̀ ṣì wà. Ìyá mi àti ìyá ẹ̀gbọ́n mi yìí, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, agboolé kan ni wọ́n sì ti tọ́ àwa méjèèjì. Ilé ìwé ní kí n mú ìwé tó fi hàn pé èmi ni òbí rẹ̀ wá. Mo ní èmi kọ́ ni mo bí i, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Kò pẹ́ tí sóṣà wọ́kà, òṣìṣẹ́ káńsù (ìjọba ìbílẹ̀ ibí) tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọmọdé, fi kanlẹ̀kùn. Ó wo ibi tí ọmọ ń sùn, ó wo inú fíríìjì, ó ní kí n bọ́ síta kí òun bá ọmọ sọ̀rọ̀ lóun nìkan. Ó ní ó yẹ kí n ti sọ fún káńsù kí ọmọ tó dé. Ṣé mo gbọ́dọ̀ gbàṣẹ kí n tó tọ́ ọmọ ẹbí mi ni? Ṣé wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ mi? Ọkọ mi ní ká yáa gbé e sínú ọkọ̀ òfurufú, kó máa lọ sílé.

* * *

Ẹ má gbé ọmọ sínú ọkọ̀ òfurufú kankan báyìí. Bí káńsù bá ti mọ̀ pé ọmọ wà, tí ọmọ sì dédé pòórá kí wọ́n tó parí àyẹ̀wò, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti máa ń di ti ọlọ́pàá. Ẹ fara balẹ̀, ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Òfin tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ni Children Act ti 1989, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá 1991. Nílẹ̀ England, bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá ń gbé lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe òbí rẹ̀, tí kì í sì í ṣe ìbátan rẹ̀, fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, private fostering ni òfin ń pè é. Bí ọmọ bá jẹ́ aláàbọ̀ ara, ọdún 18 ni. Òfin náà sì ti ka àwọn tó gbà ní ìbátan: ìyá àgbà àti bàbá àgbà ọmọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá rẹ̀ tàbí ti bàbá rẹ̀, ìbáà jẹ́ ìyekan, ìbáà jẹ́ ọbàkan, ìbáà jẹ́ nípa ìgbéyàwó. Ẹ fi ọkọ ìyá rẹ̀ àti ìyàwó bàbá rẹ̀ kún un. Ó parí síbẹ̀. Ká ní ìyá tó bí ẹ̀gbọ́n yín ló bí ẹ̀yin náà, káńsù ò ní fi ọ̀rọ̀ ìfitónilétí dà yín láàmú. Àwọn ìyá yín ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, kì í ṣe ẹ̀yin méjèèjì, ibẹ̀ ni òfin fa ìlà sí.

Ẹ ò nílò kí wọ́n fún yín láṣẹ. Ohun tí òfin ní kí ẹ ṣe ni kí ẹ sọ fún wọn, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ọmọ tó dé. Bí ọmọ bá ti dé láìsọ, kí ẹ sọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kan ìyá àti bàbá rẹ̀ pẹ̀lú, àwọn náà gbọ́dọ̀ sọ. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbọ́, òṣìṣẹ́ káńsù gbọ́dọ̀ wá láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà ni wọ́n á máa wá ní ọdún kìíní, kó tó di ọ̀sẹ̀ méjìlá-méjìlá. Bó ṣe ní kí ẹ bọ́ síta, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ìlànà ló ní kí ó bá ọmọ sọ̀rọ̀ lóun nìkan.

Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti sọ lè jẹ́jọ́, kó sì san owó ìtanràn. Ṣùgbọ́n mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ògbufọ̀ láàárín àwọn ìdílé wa àti káńsù ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, mi ò tíì rí ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sọ tí wọ́n gbé lọ sí kóòtù nítorí pé ó pẹ́. Ẹ pè wọ́n lónìí, kí ẹ sì kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí ímeèlì kí ẹ lè ní ẹ̀rí.

* * *

Èsì àwọn tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí ti rọ́ dé láti àárọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ní kí ẹ sọ pé ìyá kan náà ló bí ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín, pé ta ni yóò lọ wádìí dé Abẹ́òkúta.

Mi ò fara mọ́ ọn. Ìlú yìí ni wọ́n bí ọmọ náà sí. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń jẹ́ kó tó wọ ilé ọkọ wà lórí ìwé ìbí rẹ̀. Ìwé tiyín náà wà lọ́wọ́ ìjọba. Ọmọ ọdún 11 á sì sọ bó ṣe mọ̀ ọ́n bí wọ́n bá bi í léèrè, àbí ẹ fẹ́ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní irọ́ tí yóò máa pa níwájú tíṣà? Ọjọ́ tí ọ̀kan bá tú, wọn ò ní gba òótọ́ tó kù lẹ́nu yín mọ́.

Àwọn mìíràn pa òwe: ojú mẹ́rin ní ń bímọ, igba ojú ní ń wò ó. Wọ́n ní òyìnbó ò mọ̀ pé ọmọ wa kì í ṣe ti ẹni méjì. Òótọ́ ni òwe náà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ dénú. Ṣùgbọ́n agboolé ni igba ojú yẹn wà. Bí ìyàwó ilé kan bá na ọmọ kọjá ààlà ní Ìtòkò ní Abẹ́òkúta, ìyá àgbà máa gbọ́ igbe, baálé máa pè é jókòó. Nínú fúláàtì ní àjà kẹta ní Woolwich, níbi tí ẹ ò ti mọ orúkọ aládùúgbò, ojú mélòó ló kù? Òfin yìí kàn fẹ́ kí ojú kan tí kì í ṣe ti inú ilé wà lára ọmọ.

Mo jókòó sí kíṣìnì obìnrin kan nígbà kan, Yorùbá bíi tiwa, èèyàn dáadáa tó ń fi tọkàntọkàn tọ́jú ọmọbìnrin ọ̀rẹ́ rẹ̀. Aṣọ ilé ìwé ọmọ lọ̀ gbẹdẹmukẹ, oúnjẹ wà lórí iná. Sóṣà wọ́kà bi í pé ta ni GP ọmọ, ìyẹn dókítà àdúgbò rẹ̀. Ó dákẹ́. Oṣù márùn-ún ni ọmọ ti dé, kò tíì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà kankan. Ọmọ náà ní ikọ́ fée. Ó fa ínhélà kan tí ìyá rẹ̀ rà fún un nílé yọ nínú báàgì, ó mì ín sí etí wa: ó ti gbẹ tán, ó sì ti ń fà á bẹ́ẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, torí kò fẹ́ kó ìnáwó bá àǹtí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ní dókítà, ó ti ní oògùn. Obìnrin yẹn ò ṣìkà sí ọmọ rárá. Kò kàn sí ẹni tó bi í léèrè tẹ́lẹ̀ ni.

* * *

Ẹni kan béèrè pé ṣebí àwọn bàbá wa gbé ọmọ fún òyìnbó tọ́ láyé àtijọ́, ta ló yẹ ilé wọn wò?

Ìbéèrè pàtàkì ni. Láti nǹkan bí ọdún 1955 títí kọjá 1970, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí Yorùbá pọ̀ láàárín wọn, ló gbé ọmọ wọn fún ìdílé aláwọ̀ funfun ní Kent, Essex àti Sussex kí wọ́n lè ráyè ka ìwé òfin tàbí kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Inú ìwé ìròyìn Nursery World ni wọ́n ti ń polówó pé àwọn ń wá alágbàtọ́, wọ́n á sì máa san owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn kan bọ́ sọ́wọ́ ẹni rere tó di ìyá wọn títí ayé. Àwọn mìíràn rí màbo. Òṣèré Adewale Akinnuoye-Agbaje, tí wọ́n gbé fún ìdílé kan ní Tilbury láti ọmọ ọwọ́, ti sọ tirẹ̀ ní gbangba, bó ṣe dàgbà láìmọ ẹni tí òun jẹ́. Tó fi jẹ́ pé àwọn tó ń sọ pé àwa ni òfin yìí dojú kọ, ọmọ tiwa náà ló jìyà àìsí ẹni tó ń wo ibẹ̀.

Kò sì sí bí a ṣe máa sọ ọ̀rọ̀ yìí láìdárúkọ Victoria Climbié. Ivory Coast ni wọ́n bí i sí ní 1991. Àǹtí bàbá rẹ̀ ló mú un lọ, Marie-Thérèse Kouao, tó ní òun fẹ́ kó kàwé nílẹ̀ Yúróòpù. Wọ́n gba Faransé kọjá, wọ́n dé Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹrin 1999, orúkọ ọmọ mìíràn ló sì wà lórí pásípọ́ọ̀tì tí wọ́n fi gbé e wọlé. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì 2000 ó kú, ọmọ ọdún 8, ojú ọgbẹ́ 128 ni wọ́n kà lára rẹ̀. Káńsù, ọlọ́pàá àti ilé ìwòsàn ti rí i kó tó kú, wọ́n sì jẹ́ kó kọjá lọ. Àwọn òbí rẹ̀ nílé rò pé inú ilé ìwé ló wà. Ìwádìí tí Lord Laming ṣe lórí ikú rẹ̀ jáde ní 2003, òun ló bí Children Act ti 2004, ìlànà private fostering náà sì le sí i ní 2005. Ẹ wò ó: àǹtí bàbá ọmọ kò sí nínú àwọn ìbátan tí mo kà lókè. Òun náà jẹ́ ẹni tó yẹ kó sọ fún káńsù, kò sì sọ.

Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá wá wo ibi tí ọmọ ń sùn, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn. Kò mọ̀ yín rí.

* * *

Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń gbóríyìn fún káńsù náà rọra. Mo ti gbọ́ òṣìṣẹ́ kan tó kọ ọ́ sínú ìwé pé ọmọ “kò ní bẹ́ẹ̀dì”, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ fúnra rẹ̀ ló tẹ́ ẹní nítorí pé ó fẹ́ sùn sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ọmọ ilé. Òmíràn ní ọmọ “ń bẹ̀rù àgbà” nítorí pé ó dọ̀bálẹ̀, kò sì wo ojú ẹni tó ń bá a wí. Bí ẹ bá rí irú èyí, ẹ má pariwo, ẹ má sì dákẹ́. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ẹ̀dà ìwé àyẹ̀wò náà, kí ẹ kọ àtúnṣe ránṣẹ́, kí ẹ sọ pé kí wọ́n fi àtúnṣe yín sínú fáìlì. Bí èdè Gẹ̀ẹ́sì ò bá yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu, ẹ bèèrè ògbufọ̀. Ẹ má fi ọmọ ṣe ògbufọ̀ ọ̀rọ̀ tó kan ara rẹ̀.

* * *

Ẹni tó béèrè kọ ọ́ ránṣẹ́ pé: “Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ búra ní kóòtù ní Abẹ́òkúta. Lọ́yà kọ ọ́ sínú àfídáfítì pé wọ́n ti gbé gbogbo ojúṣe òbí fún mi. Ṣé ìyẹn ò ti tó?”

Kò tó, bó tilẹ̀ ní ìwúlò tirẹ̀. Ohun tí òfin ibí ń pè ní ojúṣe òbí, ìyẹn parental responsibility, ni gbogbo ẹ̀tọ́, agbára àti iṣẹ́ tí òbí ní lórí ọmọ: ilé ìwé tí yóò lọ, ìtọ́jú ìṣègùn, pásípọ́ọ̀tì, ẹ̀sìn, orúkọ. Ìyá ní in láti ọjọ́ tó bímọ. Bàbá tó fẹ́ ìyá níyàwó ní in. Bàbá tí kò fẹ́ ẹ ní in bí orúkọ rẹ̀ bá wà lórí ìwé ìbí tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá 2003. Òfin yìí kan náà sọ pé òbí kò lè kó ojúṣe yìí lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ pátápátá. Ohun tó lè ṣe ni kí ó ní kí ẹlòmíràn máa bá òun ṣe é. Àfídáfítì Abẹ́òkúta yóò wá jẹ́ ẹ̀rí pé ìyá mọ̀, ó sì fọwọ́ sí i. Kò sọ yín di òbí.

Àríyànjiyàn wà lórí èyí, torí àwọn kan ní ilé ìwé tiwọn gba àfídáfítì, wọn ò sì béèrè nǹkan kan mọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ilé ìwé lè gba ọmọ wọlé pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọmọ bá nílò iṣẹ́ abẹ tí kì í ṣe pàjáwìrì, dókítà á béèrè ẹni tó ní ojúṣe òbí. Ẹ ò lè tún pásípọ́ọ̀tì rẹ̀ ṣe pẹ̀lú ìbúwọ́lù yín nìkan.

Kí lẹ wá lè ṣe? Òfin fún ẹni tí ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ láyè láti ṣe ohun tó bá bọ́gbọ́n mu fún ààbò àti àlàáfíà ọmọ náà. Bó bá ṣubú tó fara pa, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ má dúró de Abẹ́òkúta. Fún ti ojoojúmọ́, ẹ jẹ́ kí ìyá àti bàbá, àwọn méjèèjì, kọ lẹ́tà tó dárúkọ ohun tí ẹ lè ṣe: GP, dókítà eyín, ìrìn àjò ilé ìwé, abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kí nọ́ńbà fóònù wọn wà níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé títí tí yóò fi parí sẹ́kọ́ńdìrì ni yóò wà lọ́dọ̀ yín, ẹ ronú kóòtù. Child arrangements order tó bá sọ pé ọ̀dọ̀ yín ni ọmọ ń gbé yóò fún yín ní ojúṣe òbí níwọ̀n ìgbà tó bá ń ṣiṣẹ́, láìgba ti ìyá àti bàbá. Bí àwọn méjèèjì bá fọwọ́ sí i, ẹ ò ní kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ adájọ́ kí ẹ tó kọ̀wé. Special guardianship ga ju ìyẹn lọ. Ó máa ń fún alágbàtọ́ ní àṣẹ tó lè borí ti òbí lórí ọ̀pọ̀ nǹkan títí ọmọ yóò fi pé 18. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti sáré sí i nígbà tí ìyá àti bàbá ọmọ wà láàyè, tí wọ́n sì ń pe ọmọ lójoojúmọ́.

* * *

Ọ̀rọ̀ ẹgba. Mo mọ̀ pé yóò yọjú.

Scotland ti fòfin de nína ọmọ pátápátá láti oṣù kọkànlá 2020, Wales láti ọjọ́ 21 oṣù kẹta 2022. Ní England, òfin 2004 ṣì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ohun tí wọ́n ń pè ní ìbáwí tó mọ níwọ̀n. Bí nína bá ti fi àmì sílẹ̀, àyè yẹn ti pa dé, ẹ̀sùn ọ̀daràn ni. Àwọn tó ń sọ pé “ẹ nà án níbi tí wọn ò ti ní rí i”, ẹ dákun, ẹ má kọ ọ́ síbí mọ́. Ọmọ yìí kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ lọ́mọ ọdún 11, ó wọ ilé ìwé tí wọ́n ti ń fi ohùn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ tó ń kọ́ bí yóò ṣe máa gbé ní ìlú tuntun ò nílò pàṣán.

* * *

Ẹni tó béèrè tún padà wá. Ó ní òun máa ń jáde fún iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó láago márùn-ún ìdájí, ọkọ òun sì ń ṣiṣẹ́ òru, nígbà mìíràn àwọn ọmọ nìkan ló máa ń wà nílé fún wákàtí kan ààbọ̀. Ọdún mélòó ni òfin gbà kí ọmọ dá wà nílé?

Òfin ò dárúkọ ọdún kankan. Ìdí nìyí tí ìja fi máa ń wà lórí rẹ̀, ẹnì kan á ní 12, òmíràn á ní 14. Ohun tó wà nínú Children and Young Persons Act ti 1933 ni pé ẹni tó bá ti pé ọdún 16 tí ọmọ wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀, tó bá fi ọmọ sílẹ̀ lọ́nà tó lè kó ìyà tàbí ewu bá a, ti ṣẹ̀. NSPCC, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ọmọdé, ní ọmọ tí kò tíì pé 12 kì í sábà gbọ́n tó láti dá wà fún àkókò gígùn, kò sì yẹ kí ẹni tí kò tíì pé 16 dá sùn nílé mọ́jú.

Wákàtí kan ààbọ̀ ìdájí, pẹ̀lú àbíkẹ́yìn yín tó jẹ́ ọmọ ọdún 6 tí ọmọ ọdún 11 ń tọ́jú? Bí ẹ bá bi mí, kò dára, sóṣà wọ́kà náà á sì sọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ò rọrùn láti yí padà. Ẹ bèèrè bóyá ilé ìwé ní breakfast club, níbi tí ọmọ ti lè jẹun àárọ̀ kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bá ọ̀gá iṣẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ṣíìfìtì, ẹ wá ìyá kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí tó súnmọ́ yín. Ẹ sọ fún sóṣà wọ́kà ohun tí ẹ ṣe sí i kó tó béèrè.

* * *

“Ẹ má tàn án jẹ. Bí wọ́n bá ti wọlé, wọ́n ń kó ọmọ lọ nìyẹn.” Ó kéré tán, èèyàn mẹ́rin ló kọ irú èyí.

Mo lóye ẹ̀rù yẹn, mo ti rí ìyá tó ń sunkún ní kọ́rídọ̀ kóòtù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó wà nínú òfin. Sóṣà wọ́kà kò ní agbára láti gbé ọmọ lọ fúnra rẹ̀. Ọlọ́pàá lè mú ọmọ kúrò nínú ewu fún wákàtí 72, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Bí káńsù bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kóòtù ni: àṣẹ pàjáwìrì jẹ́ ọjọ́ mẹ́jọ, wọ́n lè fi ọjọ́ méje kún un lẹ́ẹ̀kan. Kí adájọ́ tó fi ọmọ sábẹ́ ìtọ́jú káńsù, wọ́n gbọ́dọ̀ fi hàn pé ọmọ ń jìyà ìpalára ńlá, tàbí pé ó ṣeé ṣe kó jẹ ẹ́, nítorí irú ìtọ́jú tó ń rí. Yàrá kékeré kì í ṣe ìpalára ńlá. Àìsọ fún káńsù kì í ṣe ìpalára ńlá. Àní bí kóòtù bá gbé ọmọ fún káńsù, òbí kò pàdánù ojúṣe rẹ̀, àwọn méjèèjì ló máa ní in. Ìsọdọmọ ló máa ń gbà á tán.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra jù ni abala 20 nínú òfin 1989 yẹn. Òun ni ìwé tí káńsù máa ń gbé wá pé kí òbí fínnú-fíndọ̀ jẹ́ kí àwọn tọ́jú ọmọ. Ẹ̀yin ò lè buwọ́ lù ú, ẹ ò ní ojúṣe òbí. Ìyá àti bàbá rẹ̀ ló lè ṣe é, kí wọ́n sì má ṣe é kí wọ́n tó bá lọ́yà ìdílé sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá sì ti ṣe é, wọ́n lè wá gba ọmọ wọn padà nígbàkigbà. Bí káńsù bá ní kí kóòtù fi ọmọ sábẹ́ ìtọ́jú àwọn, òbí máa rí lọ́yà ọ̀fẹ́ láìwo iye tó ń gbà lóṣù.

Ó mú mi rántí arábìnrin tó kọ ní ìsàlẹ̀ pé káńsù pe òun lóru pé kí òun wá gba ọmọ aládùúgbò tí ọlọ́pàá mú ìyá rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n ní private fostering ni, àwọn ò ní san kọ́bọ̀. Ẹ má gbà bẹ́ẹ̀! Ilé ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ti sọ ọ́ ní 2007, nínú ẹjọ́ tó kan Southwark, pé bó bá jẹ́ káńsù ló kó ipa pàtàkì nínú bí ọmọ ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ, ọmọ káńsù ni, ojúṣe wọn sì ni láti san owó. Ẹ wá lọ́yà.

Ti ẹni tó béèrè yàtọ̀, torí ẹbí ló ṣètò rẹ̀. Àwọn òbí ló yẹ kó máa fowó ránṣẹ́. Child Benefit, owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san lórí ọmọ, ṣeé béèrè fún, àmọ́ bí físà yín bá kọ “no public funds” sára, ìyẹn pé ẹ ò gbọdọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba, ẹ má fọwọ́ kàn án kí ẹ tó bi ẹni tó mọ òfin ìwọlé.

* * *

Lórí ọ̀rọ̀ ọkọ yín àti ọkọ̀ òfurufú. Òbí ló lè pinnu pé kí ọmọ padà sílé, kì í ṣe ẹ̀yin méjèèjì. Òbí gan-an pàápàá, kóòtù lè bi í léèrè. Ní 2025, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 14 kan pe àwọn òbí rẹ̀ lẹ́jọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí pé wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwé ní Ghana láìsọ fún un. Wọ́n ń bẹ̀rù pé ó ti fẹ́ kó sọ́wọ́ ọmọ ìta. Ní oṣù kejì, adájọ́ High Court ní àwọn òbí ò kọjá àyè wọn. Ní oṣù kẹfà, Kòtẹ́milọ́rùn ní kí wọ́n padà gbọ́ ẹjọ́ náà, kí wọ́n fetí sí ohùn ọmọ dáadáa. Èmi bá àwọn òbí yẹn kẹ́dùn, ẹ̀rù ọ̀bẹ ní àdúgbò kan kì í ṣe àwàdà. Síbẹ̀, mo fara mọ́ Kòtẹ́milọ́rùn: ọmọ ọdún 14 kì í ṣe ẹrù.

Àwọn tó sì ń sọ pé òfin òyìnbó ni gbogbo eléyìí, ẹ ka Child's Rights Act tí Nàìjíríà ṣe ní 2003. Abala kìíní rẹ̀ ni pé ire ọmọ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò nínú ohunkóhun tí wọ́n bá ṣe lórí rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn ti sọ ọ́ di òfin tirẹ̀ láti 2006, Èkó ní 2007. Ohun tó kù nílé ni ẹni tí yóò kanlẹ̀kùn, òun sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀ ní Èkó ń retí.

* * *

Ẹ ní sóṣà wọ́kà ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, pé inú bí ọkọ yín nítorí ìwé DBS, ìyẹn àyẹ̀wò bóyá ẹnì kan ti dáràn rí. Gbogbo ẹni tó bá ti pé ọdún 16 nínú ilé ni wọ́n máa yẹ̀ wò, àbúrò ọkọ yín tó ń sùn ní pálọ̀ wà lára wọn. Ẹ sọ orúkọ rẹ̀ fún wọn, ẹ má fi pamọ́. Kí ọmọ náà máa sùn pẹ̀lú ọmọkùnrin yín, kì í ṣe pẹ̀lú ọmọbìnrin tó ti lé ní ọdún 10.

Láti Abẹ́òkúta, ẹ gba lẹ́tà tí ìyá àti bàbá buwọ́ lù, ẹ̀dà pásípọ́ọ̀tì wọn, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, èsì ìdánwò ilé ìwé tó ti kúrò, àti iye tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ lóṣù. Ẹ sọ fún ọmọ náà ohun tó ń lọ, ní èdè tó yé e, kó má baà rò pé òun ló dá wàhálà sílẹ̀.

Bí káńsù bá kọ̀wé pé àwọn ò gbà kó máa gbé lọ́dọ̀ yín, tàbí tí wọ́n fi àdéhùn kan lélẹ̀ tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ọjọ́ 14 lẹ ní láti pe ẹjọ́ ní kóòtù ìdílé. Ọjọ́ tí ìwé bá dé ọwọ́ yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ 14 náà.